Aṣọ Funfun Nínú Ọkọ̀ Tuntun

Ẹ̀yìn Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni mo mọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ, mo sì rò ó títí kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Láti ọjọ́ tó ti lọ, bí mo bá di ojú mi, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ sí mi, pẹ̀lú fìlà tó gẹ̀ sí apá kan àti síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n níbi èjìká. Ó jókòó sórí ìdí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní etí ọ̀sà. Ó kọjú sí omi. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Òun ló bí màmá mi. Ọkọ̀ pákó ló ń kàn fún àwọn apẹja àti àwọn tó ń kó ẹrù gba orí ọ̀sà. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a ń gbé ní Ìkòròdú la sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, kí ó má baà pa pọ̀ mọ́ Bàbá tó wà nílé wa. Nígbà tí mo kéré, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn káfíńtà yóò máa kan ìṣó, wọn yóò máa fi ayùn rẹ́ pákó, ọ̀gá wọn yóò sì kọ ẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Àlejò kan bi í léèrè lójú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ kì í wo àwọn èèyàn yìí ni?"

Bàbá ní, "Mò ń wò wọ́n."

"Níbo lẹ ti ń wò wọ́n? Ọ̀sà lẹ kọjú sí."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́. Hámà ń dún lẹ́yìn wa: kó, kó, kó, kẹ́. Kò yí ọrùn rárá. Ó ní, "Tájù, ìyẹn ti wọ́. Fà á yọ." Tájù, ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà méjèèjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, fà á yọ lóòótọ́, ìṣó náà sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Ẹnu ya àlejò náà. Bàbá ti tẹjú mọ́ omi rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìṣó tó bá wọ́ kì í panu mọ́."

Bí kò ṣe fẹ́ máa ṣọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà kí ẹlòmíràn wá máa ṣọ́ wọn. Bàbá Ríṣí, apẹja kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ní kí wọ́n kan ọkọ̀ fún òun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ pákó àkọ́kọ́ ló ti ń wá láàárọ̀, pákò lẹ́nu, tí yóò máa tẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà kiri. "Ṣé ìṣó yìí tó báyìí? Pákó yìí ò wọ́? Ẹ ò ní fi kan kún un níbí?" Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá dìde, ó gba hámà lọ́wọ́ Múfú, káfíńtà kejì, ó fi lé Bàbá Ríṣí lọ́wọ́, ó ní kí Múfú àti Tájù máa lọ sílé lọ jẹun.

Ó ní, "Ẹ máa kàn án lọ. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ ránṣẹ́ pè wá."

Bàbá Ríṣí rò pé àwàdà ni. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti hámà títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá wa nílé wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba hámà yẹn lọ́wọ́ ọkọ mi kó tó fi fọ́ ìka ara ẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Wọ́n parí ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ríṣí kò sì yọjú mọ́ títí wọ́n fi pè é. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà, màmá mi ṣì máa ń tún un sọ: "Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi tí ò gbé ọkàn ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ìdajì iṣẹ́ ló gbé wá."

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé wòlíì ni. Ó lágídí. Ó máa ń bínú sí rédíò. Nídìí oúnjẹ pàápàá, gbogbo ọgbọ́n yìí ló máa ń fò lọ. Bí Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyàwó rẹ̀, bá ń se ìkọ́kọrẹ́, Bàbá kò ní kúrò ní ilé ìdáná. Yóò ṣí ìkòkò, yóò dé e, yóò tún ṣí i. Yóò béèrè bóyá ata ti tó. Yóò béèrè bóyá ẹja kò ní fọ́.

Màmá á ní, "Bàbá Làtí, ẹ jáde nídìí ìkòkò mi. Ṣé mo máa ń wá ka ìṣó yín létí ọ̀sà ni?"

"Ti ìṣó yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

"Mi ò kì í jẹ ìṣó."

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀, èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọlidé ti parí, kò sì sí ẹni tó ráyè mú mi padà sí Ìkòròdú. Bàbá ní kí n dá lọ. Màmá Ẹ̀pẹ́ fárígá. Bàbá mú mi jókòó sórí ọkọ̀ àtijọ́ náà, ó sì sọ ọ̀nà fún mi bí ẹni ń ka àdúrà. Ó sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe gba Ìtóìkín, bí màá ṣe rí orítà Agbowa, bí kò ṣe yẹ kí n sọ̀ níbi kankan títí màá fi gbọ́ tí wọ́n pe Benson ní Ìkòròdú. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní ó tó. Ó mú mi dé gáréèjì, ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo ń juwọ́, kò wẹ̀yìn. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó dà bíi pé wọ́n gbé mi sọnù. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọjá ibi tó sọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń rí i pé ibẹ̀ rí bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹkún náà gbẹ. Nígbà tí mo sọ̀ ní Benson, mo rìn bí ọ̀gá.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni màmá mi sọ fún mi pé Bàbá kò kúrò ní gáréèjì lọ́jọ́ náà. Ó jókòó síbẹ̀ títí awakọ̀ náà fi padà láti Ìkòròdú tó sì sọ fún un pé mo ti sọ̀, mo ti mọ̀nà ilé. Mo wá lọ bi í pé kí ló dé tí kò kúkú wò mí nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, bó ṣe jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Ó ní, "Àjọkẹ́, bí mo bá ń wò ọ́, èmi lo máa máa wò. O ò ní wo ọ̀nà."

Oríkì mi ni Àjọkẹ́. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ti lóye gbogbo ohun tó fẹ́ kọ́ mi láti ọjọ́ yẹn. Mi ò lóye rẹ̀. Nígbà tí mo parí yunifásítì, tí mo sì sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wà ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì, kò jìnnà sí Benson. Mádàámù tó ni ibẹ̀ kì í jókòó. Ẹ̀yìn wa ló máa ń dúró sí. Bí mo bá ń tẹ lẹ́tà oníbàárà, màá máa gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí a gbọ́dọ̀ kọ aago sí kí a tó lọ tọ̀, kí a sì tún kọ ọ́ bí a bá dé. Lọ́jọ́ kan tí ó dúró sẹ́yìn mi, mo ṣi orúkọ ara mi tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ títí dòní ni pé mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ẹni tí kò bá ṣọ́ni kò ka iṣẹ́ sí.

Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí pákó kan já lé Bàbá Ẹ̀pẹ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà ní kó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá ní kí Bọ̀ọ̀dá Làtí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, fi fóònù rẹ̀ pè mí, nítorí kò tíì gbà nígbà náà pé èèyàn lè mú fóònù ara rẹ̀ dání. Mo lọ bá a ní Ẹ̀pẹ́.

Ó ní, "Jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Bí oníbàárà bá dé, kí wọn dáadáa. Bí Múfú bá ní òwú tàbí ìṣó ti ń tán, wá sọ fún mi. Ó tán."

Mo ní, "Ṣé kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Wo ọ̀sà."

Kí n tó dé etí ọ̀sà lọ́jọ́ kejì, mo ti ra ìwé kan, bírò pupa àti ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Múfú jẹ́. Ogún ọdún ló ti lò lọ́dọ̀ Bàbá. Òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú iṣẹ́ tó le jù, èyí tí í ṣe dídí àárín pákó. Bí wọ́n bá kan pákó ọkọ̀ tán, àlàfo tín-ín-rín máa ń wà láàárín wọn. Múfú á lọ́ òwú, á fi irin pẹlẹbẹ àti hámà kì òwú náà bọ inú àlàfo títí yóò fi le. Kò ní fi ọ̀dà dúdú bò ó lójú ẹsẹ̀. Yóò fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á, torí oòrùn máa ń mú pákó sún kì, àlàfo tó ti dí láàárọ̀ sì lè tún là. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò padà síbẹ̀, yóò di ojú, yóò fi ìka tọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí ìka bá ti rì, yóò tún un kì. Ọwọ́ tó dí i ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Òfin Bàbá nìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi di ọwọ́ Múfú mú tó ń tọ́ ìka rẹ̀ sọ́nà kí ó tó kọ ẹ̀yìn sí i.

Gbogbo èyí, mi ò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Mi ò sì béèrè.

Mo ń kọ aago tí wọ́n dé. Mo ń kọ iye ìgbà tí Tájù lọ mu omi. Bí Múfú bá dí àlàfo kan tán, màá tẹ̀ mọ́ ọn, màá wò ó, màá fi ṣọ́ọ̀kì máàkì sí i, màá sì máàkì rẹ̀ sínú ìwé. Màá wá ní, "Bọ̀ọ̀dá Múfú, ó ti dáa. Ẹ fi ọ̀dà sí i, ká bọ́ sí òmíràn." Lọ́jọ́ kìíní, ó wò mí, ó ní, "Kò tíì yá, Àǹtí." Mo dá a lóhùn pé mo ti máàkì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kàn fi ọ̀dà sí i. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń bọ̀ lókèèrè, mo gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Tájù, gbálẹ̀, bo ìkòkò omi, wọlé-wọlé ti ń bọ̀ o!"

Tájù ní, "Ṣé wọ́n máa yẹ ṣáláńgá wa wò?"

"Wọ́n á máàkì ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Mo rò pé iṣẹ́ Bàbá ni mò ń dáàbò bò. Mo fẹ́ kó dé kó rí ìwé mi kó sì sọ pé òun ò mọ̀ pé mo mọ nǹkan ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rù ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣọ́ títí ló ń wá ẹni tí yóò ṣọ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn lásìkò náà parí lọ́sẹ̀ karùn-ún. Ìyá Kúdí, tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo, ló ni ín. Òun àti ọmọ rẹ̀ yóò máa fi kó ẹja láti àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì.

Ẹ wá gbọ́ àṣà Bàbá tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí àwọn ará etí ọ̀sà yóò fi máa rántí rẹ̀. Kì í yẹ ọkọ̀ tuntun wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sómi, yóò wọ jàlàmíà funfun tó ń wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ náà gan-an, kì í ṣe lórí pákó ìjókòó, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbé igbá ìgbọ́nmi wọ inú rẹ̀. Ẹni tó kàn án ni yóò tù ú dé ibi òpó àwọn apẹja láàárín omi, yóò sì tù ú padà. Bí wọ́n bá dé èbúté, Bàbá á dìde, á yí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ sí gbogbo èèyàn kí wọ́n rí i pé ó funfun síbẹ̀. Wọ́n á pariwo. Múfú sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nítorí aṣọ yẹn, òun máa ń fìka tọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ti Ìyá Kúdí, Bàbá tiro wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó sì jókòó sínú ọkọ̀. Mo dúró lórí èbúté, ìwé mi lábẹ́ apá. Mo ń retí ìyìn. Múfú ti tù ú dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé ó dáwọ́ dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí Bàbá tó mi orí, tó nawọ́ sí òpó. Wọ́n dé òpó. Kí wọ́n tó padà dé, omi ti gun aṣọ rẹ̀ dé ìbàdí, ọ̀dà dúdú sì ti ràn mọ́ ọn.

Ìyá Kúdí káwọ́ lórí. "Yéè! Bàbá, ṣé ọkọ̀ lẹ kàn fún mi ni àbí asẹ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, omi ń kán. Ó bi Múfú pé, "O ò padà síbẹ̀ ni?"

Múfú ní, "Wọ́n ti máàkì ẹ̀, Bàbá."

"Ta ni wọ́n?"

"Àǹtí." Kò wò mí. "Bàbá, kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ní ó ti dáa, kí n fi ọ̀dà sí i. Tí mo bá ní mo fẹ́ padà síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ogún ọdún, Bàbá. Wọ́n ń kọ iye ìgbà tí mo lọ tọ̀. Ọkùnrin kan ti ń pè mí sí Agbowa láti ọjọ́ yìí, ó ní kí n wá kan ọkọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ má bínú, mo fẹ́ lọ."

Ilẹ̀ ì bá là kí n wọlé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí Múfú bá lọ, kò sí etí ọ̀sà mọ́ fún Bàbá, torí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, Tájù kò sì tíì mọ dídí. Mo sì mọ̀ pé èmi ni.

Bàbá kò bá mi wí. Ó bi Múfú léèrè pé, "Ọwọ́ ta ló dí i?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ìka ta ló yẹ kó padà síbẹ̀?"

Múfú wolẹ̀. "Tèmi ni."

"Ó dáa. Ìwọ náà jẹ̀bi. Fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Tún un ṣe fún Ìyá Kúdí, kí n tún wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá ṣì fẹ́ lọ Agbowa, màá gbàdúrà fún ẹ." Ó wá kọjú sí mi, ó nawọ́ sí ìwé abẹ́ apá mi. Mo rò pé yóò gbà á yóò jù ú sómi. Ó ní, "Ṣí i. Kọ ọ́ síbẹ̀: lónìí, Bàbá Ẹ̀pẹ́ rin gbingbin."

Mo kọ ọ́.

Ó ní, "Máàkì ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sórí ọkọ̀ àtijọ́ náà, mo kọjú sí ọ̀sà. N kò mú ìwé lọ. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi, torí mi ò tíì rí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ yí padà. Bí hámà bá dákẹ́, àyà mi á já pé wọ́n ti lọ sùn. Bí ó bá ń dún, màá máa rò pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń kàn. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Mo gbọ́ ìṣó tó dúró ṣánṣán àti èyí tó wọ́. Mo gbọ́ ohùn òwú tí wọ́n ń kì, bó ṣe ń rẹlẹ̀ sí i bó ti ń le. Kí ìrọ̀lẹ́ tó pé, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan tó gùn gan-an, mo sì mọ̀ láì wẹ̀yìn pé Múfú ti di ojú, ó ń fìka tọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Múfú ni.

"Àǹtí, ẹ bá mi fìka kan ibì kan. Ìka tèmi ti le jù, kì í gbọ́ ohun kékeré mọ́."

Mo dìde bí ẹni tí wọ́n fún lóyè. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n di ojú. Ìka mi ń lọ lórí òwú, ó ń lọ, lójijì ó rì díẹ̀, kò ju bí irun orí lọ. Mo ní, "Ibí yìí." Ó ní, "Ẹ ṣeun." Mo padà síbi ìjókòó mi láì sí ẹni tó ní kí n padà. Mo sunkún níbẹ̀ bí mo ṣe kọjú sí omi, ṣùgbọ́n ẹkún tó dùn ni.

Nígbà tí Bàbá dé lọ́jọ́ kẹrin, jàlàmíà ọjọ́sí náà ló wọ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n àbàwọ́n ọ̀dà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀. Ó wò mí.

"Wọlé."

Mi ò mọ̀wẹ̀. Ó mọ̀ pé mi ò mọ̀wẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀?"

"Múfú ti wò ó."

Mo wọlé. Mo jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A dé òpó, a padà, ìdí wa gbẹ bí àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá Kúdí fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí Bàbá padà kí ó lè rí ẹ̀yìn aṣọ náà, ó ní àbàwọ́n àtijọ́ nìkan ni, àtijọ́ nìkan! Múfú kò lọ sí Agbowa. Nígbà tí mo bi Bàbá nílé pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kò ní lọ, ó ń gé èékánná rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "N ò mọ̀. Mo kàn jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ lọ, ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Ó ti dàgbà, ó sì ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó sì ti bá Màmá jà pé iyọ̀ kò tó. A sin ín lọ́jọ́ náà. Mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wo inú mi dáadáa, ọpẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bọ̀ọ̀dá Làtí pe ẹbí jọ. Ó ní, "Ta ló máa máa mójú tó àwọn tó wà létí ọ̀sà? Ọmọ àbúrò mi yìí mọ̀wé. Ó lè máa ti Ìkòròdú wá lópin ọ̀sẹ̀, kó máa yẹ iṣẹ́ wọn wò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ti ní iṣẹ́ mìíràn nígbà náà, èèyàn mẹ́rin sì wà lábẹ́ mi, mo sì ṣì máa ń ja ìjà láàárín ara mi lójoojúmọ́ kí n má baà lọ dúró sẹ́yìn wọn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá Múfú ni kó máa jókòó síbẹ̀. Bó bá fẹ́ kí n wá, á pè mí."

Ó ní, "Tí ò bá wá pè ọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "A ó wà bẹ́ẹ̀."

Oṣù méjì kọjá, kò pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé gáréèjì Ẹ̀pẹ́ ní Benson tí mo sì padà sílé, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ kan ti ń jò níbì kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, fóònù mi dún.

"Àbúrò mi." Múfú kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ọkọ̀ kan ti tán. Kò tíì sẹ́ni tó wọ̀ ọ́."

Mo yá ìró funfun tí màmá mi ró lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi ṣe àgùnbánirọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kí n dà bí ẹni tó ń lọ ṣe ìrìbọmi, àwọn apẹja sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo dé èbúté, Múfú rí bí ojú mi ṣe ń lọ sí àárín pákó. Ó ní, "Ẹ wò ó, bẹ́ ẹ bá fẹ́. Mi ò ní bínú."

Mo ní rárá. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀. Ọ̀sà pa rọ́rọ́, oòrùn ti gòkè sórí àwọn abúlé òdìkejì, mo sì tẹjú mọ́ òpó níwájú bí Bàbá yóò ti ṣe. Mo ṣe é dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, Bàbá jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, ọwọ́ òsì mi yọ́ lọ sábẹ́ ìró.

Láti ẹ̀yìn mi, Múfú ní, "Mo rí ọwọ́ yẹn o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó gbẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo mú ọwọ́ mi kúrò, mo fi lé orí orúnkún mi.